Ẹ Pe Ẹsẹ̀ sí Ìpàdé Kí Ẹ Tó Kó Lọ

  

Ọ̀rọ̀ tòní ti ń kóra jọ lọ́wọ́ mi láti bí oṣù mélòó kan. Àwọn tó ń wá dáfá lọ́dọ̀ mi, pàápàá àwọn tọkọtaya tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó ogójì, ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu wọn: "Bàbá, Èkó ti sú wa. Ìlú wo ni ká kó lọ?" Kì í ṣe torí owó nìkan o. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ìta. Wọ́n ń wá ibi tí ọmọ ti lè sáré, kó gun òkè, kó wẹ̀ lódò, kó mọ orúkọ igi, kó gbọ́ ohùn ẹyẹ láàárọ̀ kó tó gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n á wá na fóònù sí mi, àwòrán òkè Ìdànrè ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkùukùu lórí rẹ̀. Wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn ló yẹ ká wá?"

Èmi tí mò ń gbé Ìdànrè, ó yẹ kí n sọ pé kí gbogbo ayé máa bọ̀. Àwọn onílẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń ta iyán náà á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ifá ò gbé mi kalẹ̀ láti máa polówó ìlú. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Ifá kọ́ wa nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Ìpàdé tí wọn ò pe Ẹsẹ̀ sí

Ìtàn kan wà nínú Ifá tí àwọn àgbà kọ́ wa. Mi ò ní kì í bí a ṣe ń kì í nídìí ọpọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹsẹ̀ tí mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹsẹ Ifá o, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn nílẹ̀ ni.

Àwọn orí péjọ lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ gbìmọ̀ nǹkan pàtàkì. Wọ́n pe ara wọn, ó ku Ẹsẹ̀ tí wọn ò pè. Lójú tiwọn, kí ni ti Ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àgbà? Ilẹ̀ ló ń tẹ̀, eruku ló ń kó. Èṣù wo ìjókòó wọn, ó ní bí wọn ò bá pe Ẹsẹ̀, òun á máa wo bí ìpàdé náà ṣe máa gún. Lóòótọ́, kò gún. Ìjà ni wọ́n fi tú ká. Ìgbà tí wọ́n wá ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń gbèrò tó ṣeé ṣe.

Ẹ gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn. Orí ló ń yan ìlú. Orí ló ń rí àwòrán, òun ló ń lálàá, òun ló ń sọ pé "ibí yìí dára." Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń gbé ìlú. Ẹsẹ̀ ló ń lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ ló ń mú ọmọ lọ síléèwé, ẹsẹ̀ ló ń sáré lọ sílé ìwòsàn lóru, ẹsẹ̀ ló ń lọ pọnmi bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Ẹni tó bá fi orí nìkan yan ìlú, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dá a padà. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: wọ́n kó dé ní oṣù kejìlá tí ọyẹ́ mú ojú ọ̀run funfun, nígbà tí òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń wá mọ́tò tó máa kó ẹrù padà.

Ohun tí Ìdànrè ṣe ní 1923

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà ẹ fojú fo mí bí mo bá yà díẹ̀ sínú ìtàn. Ìlú Ìdànrè fúnra rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yìí kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Àwọn baba ńlá ìlú yìí, láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe sọ, orí òkè ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Ùfẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìyẹn Ifẹ̀ tó wà lókè. Àwọn kan ní ìyanu tó bá wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí àwọn òkè náà ló mú kí wọ́n kígbe pé "Ìdàn rè é!" tí orúkọ fi di Ìdànrè. Ẹni tó bá ti wo àwọn òkè náà rí kò ní bá wọn jiyàn. Akọ òkúta ni láti ìsàlẹ̀ dókè, ó yọrí jáde nínú igbó bí ẹ̀yìn erin.

Nígbà tí ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá, kò sí odi tó dára tó òkúta yìí. Orí yan òkè, ẹsẹ̀ náà gbà, torí ẹsẹ̀ tó ń sá fún ogun kì í ka òkè sí. Wọ́n kọ́ ààfin Ọwá sókè, wọ́n ní kóòtù níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ iléèwé. Ìlú tó pé pérépéré ni.

Lọ́dún 1923, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wá sí ìsàlẹ̀ òkè, ibi tí ìlú wà títí dòní.

Kí ló dé? Ogun ti tán. Kòkó ti dé, ìsàlẹ̀ sì ni oko kòkó wà. Ọ̀nà mọ́tò ò lè gun àpáta, oníṣòwò ò ní ru ẹrù gun òkè láti wá ra kòkó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan tó ti oko dé, tó gbé iṣu lórí, tó tún ní àpáta láti gùn kó tó dáná alẹ́. Èyí tí à ń gùn lónìí tiẹ̀ ní àtẹ̀gùn, ó lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Síbẹ̀ ẹ wá wo bí àwọn géńdé ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó dé òkè. Ẹsẹ̀ àwọn ará Ìdànrè ló sọ̀rọ̀ ní 1923, orí sì gbọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú rèé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sọ òkè nù. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè. Ọdún Òrósùn ṣì ń wáyé lọ́dọọdún nínú oṣù karùn-ún, òkè tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì dúró, gbogbo wa là ń wò ó láti ojú ọ̀nà wa. Ní 2007, Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Àwọn tó fẹ́ràn òkè yìí jù lọ láyé ni wọ́n pinnu pé àwọn ò ní máa sùn lórí rẹ̀ mọ́. Wọn ò jìnnà sí i, wọn ò sì jẹ́ kó gba ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà oko mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ràn òkè, tàbí odò, tàbí igbó, ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni "báwo la ṣe máa sún mọ́ ọn tó?" Ìbéèrè ni "báwo la ṣe máa jìnnà sí i mọ, tí ọkàn wa á ṣì máa fà á, tí ẹsẹ̀ wa á ṣì máa dé ibẹ̀?"

Ẹsẹ̀ mélòó ló wà nílé yín?

Lórí òkè wa, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ẹsẹ̀ ni, ó rì sínú òkúta. Wọ́n máa ń sọ pé ẹsẹ̀ kékeré tí ẹ bá tì bọ̀ ọ́, á bá a mu. Ẹsẹ̀ ńlá tí ẹ bá tì bọ̀ ọ́, á bá a mu. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń yọ bàtà wọn níbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi máa ń wò ó bí ẹ̀kọ́. Ìlú tó yẹ ìdílé, ibi tí gbogbo ẹsẹ̀ inú ilé náà ti rí ojú ẹsẹ̀ tó bá wọn mu ni. Kì í ṣe ẹsẹ̀ bàbá nìkan.

Ìdílé kan wà tó gbà mí láyè kí n sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, láìdárúkọ. Orí kọ̀ǹpútà ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti wà, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, àkọ́bí ní ikọ́ fée, èéfín Èkó sì ń dí i láyà. Ìyá ọkọ ń gbé pẹ̀lú wọn, orúnkún ń dùn ún. Ọkọ yìí, ẹni òkè ni. Ó ti gun òkè wa lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìdànrè ló ti yàn nínú ara rẹ̀, ó kàn wá kí Ifá bá a fọwọ́ sí i ni.

Mo ní kí gbogbo wọn jókòó, títí kan Màmá. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí i rí, bí a ṣe ń bèèrè irú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹni tó wá bèèrè á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ sí owó, babaláwo ò ní gbọ́ ohun tó sọ. Lẹ́yìn náà, a ó fún un ní ìbò: owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Á pàdé ọwọ́ méjèèjì pọ̀, á pín wọn, ọ̀kan á wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan á wà lósì. Odù tó bá yọ lórí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló máa sọ ọwọ́ tí a ó mú. Ìlú kọ̀ọ̀kan là ń bèèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí Ifá bá mú ọ̀kan, a ó tún bèèrè irú ire tó wà níbẹ̀: ṣé ire àìkú ni, ṣé ire ajé ni, ṣé ti ọkọ àti aya ni, ṣé ti ọmọ ni, àbí ire ibùjókòó? Ẹ ṣe akíyèsí èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn. Ire ibùjókòó dá dúró. Èèyàn lè ní owó, kó ní ọmọ, kó má ní ibi tí ara rẹ̀ ti balẹ̀.

A bèèrè Ìdànrè. Egungun. Ojú ọkọ yí padà. A bèèrè Abẹ́òkúta, egungun. A bèèrè Àkúrẹ́, owó ẹyọ. A bèèrè ire rẹ̀, Ifá ní ire ibùjókòó.

Ọkọ ní, "Bàbá, ṣé Ifá ò fẹ́ kí n gun òkè ni?" Kí n tó dáhùn, Màmá ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Baba Awo, ẹ má bínú. Àkàbà ilé wọn l'Ékòó gan-an, mi ò lè gùn ún kí n má sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń rò ó nínú ara mi pé bí wọ́n bá kó lọ síbi òkè, inú ilé ni n ó máa wà títí n ó fi kú. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, kí ọmọ mi má bàa ní mo ba nǹkan jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́." Ìyàwó náà wá tú ohun tó sọ sí owó. Kò bèèrè ìlú rárá. Ohun tó bèèrè ni pé: ibi tí à ń lọ yìí, ṣé màá rí iṣẹ́ mi ṣe, ṣé màá sì rí ẹni tó máa bá mi wo ọmọ lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ rí i? Ẹsẹ̀ méjìlá ló wà nílé yẹn, ẹsẹ̀ méjì péré ni wọ́n pè sí ìpàdé.

Mo wá sọ fún ọkọ pé láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, nǹkan bíi kìlómítà 20 sí 25 ni. Iye wákàtí tó ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Lẹ́kìí dé Ìkẹjà, tó bá lò ó tán ní Àkúrẹ́, á ti gun òkè, á ti sọ̀ kalẹ̀, á ti jẹ iyán. Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ fún ìyàwó láti ṣiṣẹ́ àti fún ọmọ tó ní ikọ́ fée, FUTA wà níbẹ̀ láti 1981 fún ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà, àwọn òkè kéékèèké sì yí ìlú ọ̀hún fúnra rẹ̀ ká. Wọ́n rúbọ, wọ́n bọ orí wọn, wọ́n kó lọ. Sátidé méjì lóṣù, wọ́n máa ń wá. Ọkọ àti àwọn ọmọ á gòkè lọ, Màmá á jókòó sí Òdòde nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń sá kòkó, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Èmi ni mo mọ bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe máa ń dún tó.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé Baba ní Àkúrẹ́ ló dára ju Ìdànrè lọ o. Mo ti rí ẹni tí Ifá mú Ìdànrè fún, àgbẹ̀ ni, oko kòkó bàbá rẹ̀ ló ń padà sí, kò tíì kábàámọ̀. Fún ẹlòmíì, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni ibi omi Olúmirìn, tàbí Ìkógòsì ní Èkìtì ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tàbí Adó-Àwáyè tó ní adágún omi lórí òkè. Fún ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀, Ìbàdàn ni, níbi tí iṣẹ́ wà, tí igbó àwọn IITA sì wà fún ẹni tó fẹ́ràn wíwo ẹyẹ. Ìlú ò ní ẹ̀bi. Ìbéèrè ló máa ń kù díẹ̀ káàtó.

Ta ni yóò bá yín dé ibẹ̀?

Nínú Ọ̀gúndá Méjì, wọ́n bi àwọn òrìṣà léèrè pé ta ló lè bá ẹni tó ń sìn ín lọ sí ọ̀nà jíjìn, kọjá òkun, láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Oníkálukú ní òun lè ṣe é. Wọ́n wá bi wọ́n pé: bí o bá rìn títí, tí o dé ìlú tìrẹ, tí wọ́n gbé oúnjẹ tí o fẹ́ràn jù síwájú rẹ, tí o yó, kí lo máa ṣe? Ṣàngó ní, bí òun bá yó ní Kòso, òun á padà sílé òun. Ọya ní bẹ́ẹ̀ nípa Ìrá. Títí tó fi kan Ifá pàápàá, tó ní Òkè Ìgẹ̀tí ni ilé òun. Orí nìkan ṣoṣo ló lè bá èèyàn lọ, tí kò ní yà sílé ẹnikẹ́ni, torí kò ní ilé mìíràn ju ara ẹni yẹn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jàpá, ọ̀rọ̀ yín ló ń sọ. Ibi yòówù tí ẹ bá lọ, ẹni tí ẹ jẹ́ níbí ló máa bá yín dé ọ̀hún. Mo mọ àwọn ọmọ wa tó wà ní Calgary ní Kánádà. Òkè Rockies ò jìnnà sí wọn, bí wọ́n bá wọ mọ́tò, kò ní tó wákàtí méjì kí wọ́n dé ibi tí gbogbo ayé ń ná owó ńlá láti wá wò. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nínú yìnyín, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Òmíràn ti pé ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ojú fèrèsé ló ti ń wo òkè. Kì í ṣe Kánádà ló yí èkíní padà. Nígbà tó wà l'Ékòó, ó máa ń lọ sí Lẹ́kìí níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo igi àti ẹranko, ibi tí afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 wà. Ó máa ń jí rìn lẹ́bàá òkun ní ìdájí. Orí tó ń fẹ́ ìta ló gbé lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó lọ, ẹ dán ara yín wò níbi tí ẹ wà. Fún oṣù mẹ́ta, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Bí ẹ ò bá rí àyè ní oṣù mẹ́ta yìí, tí ẹ̀ ń wí pé ìlú tuntun ló máa fún yín láyè, ẹ rọra. Àìráyè náà máa ń bá ẹrù lọ.

Òkè ní olówó

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò lè fi pamọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ìta gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìta ní onílé. Òkè, odò, igbó, kò sí èyí tó jẹ́ pápá ìṣeré lásán nílẹ̀ wa.

Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, wọn ò ṣàdédé lọ dúró síbẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé wọ́n bi Ifá léèrè. Nígbà tí òkúta sì gbà wọ́n sábẹ́, wọ́n mọ̀ pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè, wọ́n sì ń bọ ọ́ títí dòní. Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1970. Ọba Oseijeman Adefunmi kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní New York, wọ́n lọ sínú igbó ní South Carolina, wọ́n tẹ abúlé Ọ̀yọ́túnjí dó. Wọn ò lọ síbẹ̀ torí afẹ́fẹ́ tútù nìkan. Wọ́n ń wá ilẹ̀ tí wọ́n ti lè sin òrìṣà, kí wọ́n sì tọ́ ọmọ wọn nínú àṣà. Àwọn méjèèjì yìí dé ibùjókòó tuntun pẹ̀lú nǹkan tí wọ́n fẹ́ fún ilẹ̀ náà, kì í ṣe pẹ̀lú nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbà nìkan.

Àwọn kan ń wá sí òkè wa, wọ́n á gbé gbohùngbohùn dání, wọ́n á da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sílẹ̀, wọ́n á fi ọ̀dà kọ orúkọ ara wọn sára òkúta tó ti wà níbẹ̀ kí baba ńlá wọn tó dáyé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn ìṣẹ̀dá. Ìfẹ́ wo nìyẹn? Ẹni tí ò lè kó ìdọ̀tí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó má bi Ifá léèrè ìlú olókè.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín, ẹ gbọ́ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá.

Ẹ lọ sùn nílùú náà kí ẹ tó gba ilé. Ẹ lọ nígbà òjò, kí ẹ tún lọ nígbà ọyẹ́. Akọ òkúta máa ń yọ̀ nígbà òjò, eruku ọyẹ́ sì lè da ẹni tó ní ikọ́ fée láàmú ju èéfín lọ. Ẹ wo ibi tí omi ti ń wá. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ilé àti ilé ìwòsàn, lọ́sàn-án àti lóru.

Ẹ má ra ilẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ rẹ́ǹtì. Bó bá wá di ilẹ̀ rírà, ẹ bá ẹbí tó ni ín sọ̀rọ̀, gbogbo ẹbí, kì í ṣe ẹnìkan tó ní òun nìkan ni olórí. Ẹ mú lọ́yà dání. Bó bá jẹ́ oko lẹ fẹ́ dá, ẹ bèèrè bóyá ilẹ̀ títà ni tàbí ti ìṣákọ́lẹ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá igbó ìjọba ni.

Ẹ kí àwọn àgbà ìlú. Ẹ bèèrè èèwọ̀ wọn: ọjọ́ wo ni a kì í gòkè, omi wo ni a kì í wẹ̀, igi wo ni a kì í gé. Kò dí ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bèèrè. Mùsùlùmí ń bèèrè, Kìrìsìtẹ́nì ń bèèrè. Ọmọ tó bá mọ èèwọ̀ odò kan ti mọ odò náà ju ẹni tó kàn wẹ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó wá bi Ifá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín nílé. Ẹ jókòó yíká, láti orí àgbà dórí ọmọ ọdún márùn-ún. Kí oníkálukú sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ dé lójoojúmọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ bi lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó dákẹ́ nínú ilé ló sábà máa ń ru ìnira ìkólọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá dáfá. Bí Ifá bá mú ìlú kan, ẹ rú ẹbọ tó bá yàn, kí ẹ sì bọ orí yín kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ da omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí ẹ sọ orúkọ ara yín fún ilẹ̀, kí ẹ ní ẹ wá gbé, ẹ ò wá bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ibùjókòó lọ́wọ́lọ́wọ́, kí Ifá má jẹ́ kí ẹ ṣì í yàn. Kí orí yín má yan ibi tí ẹsẹ̀ yín ò lè rìn, kí ẹsẹ̀ yín má gbé yín dé ibi tí orí yín ò sí. Kí àgbà ilé yín rí ibi jókòó sí, kí ọmọ yín rí ibi sáré dé. Òkè tí ẹ bá gùn, kó má yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Odò tí ẹ bá wẹ̀, kó tù yín lára. Ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ dó, kó mọ̀ yín, kó sì fún yín ní ire àìkú.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o. Àṣẹ.